Abẹ́rẹ́ Ìfètòsọ́mọbíbí tí Obìnrin Lè Fún Ara Rẹ̀

Abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta wà lára àwọn ọ̀nà ìdènà oyún tí àwọn obìnrin ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ń lò jù lọ. DMPA ni orúkọ oògùn inú rẹ̀. Nínú 100 obìnrin tí ń gbà á ní àsìkò láìyẹ̀, iye tí yóò lóyún láàárín ọdún kan kò tó ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lò ó ní ti gidi, nǹkan bí 4 nínú 100 ni ó ń lóyún. Oògùn kan náà ni. Ohun tí ó mú ìyàtọ̀ wá ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ tí ó kọjá láìjẹ́ pé obìnrin náà rí òmíràn gbà.

Ìdí tí ọjọ́ náà fi ń kọjá kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni obìnrin gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́dún. Ọ̀nà lè jìn, owó ọkọ̀ lè má sí, ọjọ́ náà lè bọ́ sí àkókò ìkórè, ó sì lè dé ibẹ̀ kí wọ́n sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ti tán. Àwọn mìíràn wà tí kò fẹ́ kí aládùúgbò rí wọn níbi tí wọ́n jókòó sí níwájú yàrá ìfètòsọ́mọbíbí. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ó wà nílé ọkọ, 12 péré ni ó ń lo ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí ìgbàlódé. Kì í ṣe pé gbogbo àwọn yòókù ni kò fẹ́ ẹ. Nínú ìwádìí kan náà, 19 nínú 100 fẹ́ sinmi ọmọ bíbí fún ìgbà díẹ̀ tàbí pátápátá, síbẹ̀ wọn kò lo ọ̀nà kankan.

Ohun tí ó yí padà nínú abẹ́rẹ́ náà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ẹran apá tàbí ti ìdí ni a máa ń fún DMPA sí, òṣìṣẹ́ ìlera nìkan ni ó sì lè fún un. Oríṣi tuntun ń lọ sí abẹ́ awọ ara, níbi itan tàbí ikùn. Oògùn inú rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀: mílígírámù 104 dípò 150. A ti rọ ọ́ sínú ike kékeré rírọ̀ kan tí abẹ́rẹ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀, abẹ́rẹ́ náà kò sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Kò sí pé à ń fa oògùn láti inú ìgò, kò sì sí pé à ń wọn ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń lò ó.

Ẹni tí a bá kọ́ yóò kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀, yóò mi ike náà dáadáa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, yóò sì ti ìdérí rẹ̀ wọlé títí àlàfo àárín rẹ̀ yóò fi pa dé. Lẹ́yìn náà, yóò fi ìka méjì fún awọ itan tàbí ikùn rẹ̀ pọ̀, yóò ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ tán, yóò sì rọra fún ike náà títí oògùn yóò fi wọlé. Ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 7 tó fún èyí. A kì í fi ọwọ́ ra ojú ibẹ̀ lẹ́yìn tí a bá yọ abẹ́rẹ́. Apá ibi tí ó máa ń ṣòro jù fún ẹni tuntun ni ìdérí tí a ó tì wọlé, nítorí náà kí òṣìṣẹ́ ìlera jẹ́ kí obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó má ṣe wò ó lásán.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Láàárín ọdún 2014 sí 2016, orílẹ̀-èdè mẹ́rin, èyíinì ni Burkina Faso, Niger, Sẹ̀nẹ̀gà àti Ùgáńdà, kọ́kọ́ mú oríṣi abẹ́rẹ́ yìí wọ inú ètò ìlera wọn láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ìbéèrè tí ó kù ni pé ṣé obìnrin tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera lè fún ara rẹ̀, kí ó sì rántí ọjọ́ láìsí ẹni tí yóò rán an létí. Ní Ùgáńdà, nígbà tí oṣù mẹ́ta pé lẹ́yìn ẹ̀kọ́, 88 nínú 100 obìnrin ni ó fún ara wọn ní abẹ́rẹ́ bí ó ti yẹ lójú olùwádìí. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, 87 nínú 100 ni.

Wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn obìnrin fún ọdún kan gbáko. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn tí ń fún ara wọn ṣì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ náà nígbà tí ọdún yí po, bẹ́ẹ̀ 70 ni nínú àwọn tí òṣìṣẹ́ ìlera ń fún. Ní Ùgáńdà, 81 ni, sí 65.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ìwádìí kò ní gba àwọn iye wọ̀nyí láìbéèrè. Àwọn obìnrin fúnra wọn ni ó yan èyí tí wọ́n fẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn tí ọkàn wọn le, tí wọ́n sì ti pinnu láti má ṣe lóyún, ni ó yàn láti fún ara wọn, kí ó sì jẹ́ pé ìpinnu wọn ni ó mú wọn dúró, kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ìwádìí tí a ṣe ní Màláwì, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018, ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Obìnrin 731 ni ó kópa nínú rẹ̀, kèké ni wọ́n sì fi pín wọn: ìdajì gba ẹ̀kọ́, wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ lọ sílé, ìdajì yòókù ń padà wá sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera. Oògùn kan náà ni ìpín méjèèjì gbà. Lẹ́yìn ọdún kan, 73 nínú 100 ni ó ṣì ń gbà á nínú ìpín àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nínú ìpín kejì, 45 péré ni. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé kèké ni ó pín wọn, a kò lè sọ pé ìwà tàbí ìpinnu àwọn obìnrin náà ni ó fa ìyàtọ̀ yìí.

Nígbà tí a kó irú ìwádìí wọ̀nyí jọ ní ọdún 2019, iye àwọn tí ó lóyún kò yàtọ̀ láàárín àwọn tí ń fún ara wọn àti àwọn tí a ń fún. Ara ríro tàbí awọ tí ó wú díẹ̀ lójú abẹ́rẹ́ ni ó pọ̀ ju ti àwọn kejì lọ nínú àwọn ìwádìí kan. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a pèsè abẹ́rẹ́ àfúnra-ẹni gẹ́gẹ́ bí àfikún sí ọ̀nà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti fàyè gbà á. Àfikún ni a wí: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí kò rí ibi pa abẹ́rẹ́ mọ́ nílé, ní ẹ̀tọ́ sí òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò fún un.

Ohun tí abẹ́rẹ́ náà kò lè ṣe, àti ohun tí ó lè mú wá

Kò dènà kòkòrò HIV tàbí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn. Ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé DMPA lè mú kí obìnrin tètè kó HIV. Ìwádìí onísẹ̀ẹ́-kèké kan tí obìnrin 7,829 kópa nínú rẹ̀ ní Eswatini, Kẹ́ńyà, Gúúsù Áfíríkà àti Sáḿbíà fi abẹ́rẹ́ DMPA ti inú ẹran ara wé ọ̀nà méjì mìíràn, kò sì rí ìyàtọ̀ tí ó ṣe gúnmọ́. Ṣùgbọ́n 397 nínú àwọn obìnrin náà ni ó kó HIV kí ìwádìí tó parí, ọ̀nà yòówù kí wọ́n máa lò. Rọ́bà ìdáàbòbò ṣì pọn dandan fún ẹni tí ewu yìí wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nǹkan oṣù lè máa wá ségesège, ó sì lè dáwọ́ dúró pátápátá. Èyí kì í ṣe àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń dì sínú. Ara lè wú sí i díẹ̀, ìwọ̀n líle egungun sì lè dín kù nígbà tí a ń lò ó, yóò sì máa padà lẹ́yìn tí a bá dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ kò sọ obìnrin di àgàn, ṣùgbọ́n oyún lè pẹ́: ní ìpíndọ́gba, ó máa ń tó oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ó yẹ kí a sọ èyí fún obìnrin kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí a kò sọ fún lè rò pé a ti ba òun jẹ́. Ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an, tí ó ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara rẹ̀ láìmọ ìdí, tàbí tí ń fún ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́mú, kí ó kọ́kọ́ rí òṣìṣẹ́ ìlera.

Ní ilé

Kí a pa abẹ́rẹ́ mọ́ níbi tí oòrùn kò dé, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì tó. Èyí tí a ti lò, inú agolo líle onídèérí ni kí ó wọ̀, kí a dá a padà fún òṣìṣẹ́ ìlera. Kí a kọ déètì abẹ́rẹ́ tí ń bọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá gba èyí tí ó ṣáájú: ọ̀sẹ̀ 13 ni. Ó lè yá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìléwu. Bí ó bá ti kọjá ìyẹn, kí obìnrin lo rọ́bà ìdáàbòbò, kí ó lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera láti mọ̀ bóyá oyún ti wà tàbí kò sí, kí ó tó gba òmíràn; yóò sì tún lo rọ́bà fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ó bá gbà á.