Eré Kọ̀ǹpútà àti Kọ́kọ́rọ́ tí Ó Wà Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Ẹni tí ó bá ti ra ọpọ́n ayò oníhò 12, tí ó sì ní ọmọ ayò 48, ayò náà ti di tirẹ̀ títí ayé. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó gbẹ́ ọpọ́n kò ní í wá dí ihò rẹ̀ lóru. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ eré kọ̀ǹpútà rí lóde òní. Ènìyàn lè sanwó eré tán, kí ó má sì lè ṣí i àfi bí ó bá gba ojú òpó kan kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni ó fa èyí, kí sì ni ìnira tí ó wà níbẹ̀?

Ní ìṣáájú, inú síídì ni eré máa ń wà. Ará Igbó-Elérin lè wọkọ̀ ní Òkókómáíkò lọ sí ọjà Alaba International ní Òjó, kí ó ra síídì, kí ó sì máa ṣeré rẹ̀ nílé láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ síídì orí àtẹ ni ó jẹ́ àdàkọ, tí kọ́bọ̀ kan kò ti inú rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn tí ó ṣe eré. Àdàkọ yìí, tí ó kárí ayé, wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ mọ odi yí ọjà wọn ká.

Ilé-iṣẹ́ Valve ní Amẹ́ríkà dá ojú òpó Steam sílẹ̀ ní ọdún 2003. Nígbà tí eré Half-Life 2 jáde ní 2004, ẹni tí ó tilẹ̀ ra síídì rẹ̀ ní láti forúkọ sílẹ̀ ní Steam kí eré tó lè ṣí. Kọ̀ǹpútà oníbàárà yóò ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́. Èyí yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni náà sanwó, kí ó tó yọ̀ǹda. Àwọn eré kan ń béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn ń béèrè nígbà gbogbo.

Níbi tí iná kì í lọ, tí dátà kò sì wọ́n, èyí lè má ni ènìyàn lára. Ọ̀tọ̀ ni ti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó gba yàrá ní Igbó-Elérin tàbí Ìbà. Eré kan lè wọn gígábáìtì 100. Kò sì ní í pẹ́ tí àtúnṣe mìíràn yóò dé, tí eré yóò kọ̀ láti ṣí àfi bí ó bá tún ra dátà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú.

Ìṣòro kejì ni ti ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Sony pàṣẹ pé àwọn tí wọ́n ti ra Helldivers 2 lórí Steam gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní PlayStation Network pẹ̀lú. Lákòókò náà, ojú òpó yìí kò sí fún ilẹ̀ tí ó ju 170 lọ, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Owó ti kúrò lápò, ilẹ̀kùn sì fẹ́ tì. Ariwo àwọn oníbàárà ni ó mú kí Sony yí àṣẹ náà padà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni kí eré kú pátápátá. Ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé The Crew jáde ní 2014. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, ó pa kọ̀ǹpútà tí ń gbé eré náà ró. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ń dá a ṣe nínú yàrá rẹ̀ pàápàá kò lè ṣe é mọ́. Òfin kan ní ìpínlẹ̀ California, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2025, ti fi dandan lé e pé kí olùtajà máa sọ gbangba fún oníbàárà pé ìyọ̀ǹda láti lò ó ni ó ń rà, kì í ṣe eré gan-an.

Lóòótọ́, ojú òpó ní àǹfààní tirẹ̀: bí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́, ènìyàn lè tún gba eré rẹ̀ padà, ọ̀rẹ́ méjì sì lè jọ ṣeré láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò mọ sí ibi eré. Ní oṣù keje ọdún 2009, Amazon yọ ìwé 1984 tí George Orwell kọ kúrò nínú Kindle àwọn tí ó ti rà á, nítorí pé ẹni tí ó gbé e sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Wọ́n dá owó padà, ṣùgbọ́n ìwé ti lọ. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ń yan ìwé orí kọ̀ǹpútà fún kíláàsì rẹ̀ kọ́ ọgbọ́n nínú èyí. Kí ènìyàn tó sanwó, kí ó béèrè: ṣé yóò ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé wọ́n gba ará Nàìjíríà láàyè? Ṣé a lè tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sílé? Àwọn olùtajà bíi GOG wà tí ń ta eré tí a lè tọ́jú bẹ́ẹ̀. Ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ayálégbé ni ẹni tí ń gbé inú rẹ̀, bí ó ti wù kí owó tí ó san pọ̀ tó.