Bí Àga Gómìnà Bá Ṣófo, Ta Ni Afọbajẹ?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọba kan kò bá kú, ọba kan kì í jẹ. Ikú ni ó sábà máa ń sọ ìtẹ́ di òfìfo nílẹ̀ Yorùbá, ọba tí ó ti wàjà kò sì lè bá afọbajẹ jókòó láti yan ẹni tí yóò rọ́pò òun. Ti gómìnà kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ni ó ń ka ọjọ́ fún un. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2027 ni sáà kejì Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq yóò parí ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni tí a bá sì ti dìbò yàn lẹ́ẹ̀mejì kò gbọdọ̀ du ipò náà mọ́. Láti Basin títí dé Ọjà-Ọba ní Ìlọrin, ìbéèrè kan ni ó wà nílẹ̀: ta ni ó kàn?

Àṣà ni ó bí ìbéèrè yìí. Ìdílé tí oyè kàn ni a máa ń kọ́kọ́ wò. Àwọn ará Àríwá Kwara sì ní ẹjọ́ rò: láti ọdún 1999, Ìlọrin ni Mohammed Lawal, Bukola Saraki àti AbdulRazaq ti wá, Share ní Gúúsù ni Abdulfatah Ahmed ti wá. Shaaba Lafiagi, tí ó ṣe gómìnà ní 1992 sí 1993, ni ọmọ Àríwá tí ó jókòó níbẹ̀ kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìdílé ni àṣà ń fi ìkàn mú, kì í fi mú ènìyàn. Bí oyè bá kan ilé kan, afọbajẹ yóò tún wo ìwà ọmọ oyè kọ̀ọ̀kan. Ní Ìlọrin gan-an, ìran àwọn ọmọ Ṣéù Àlímì méjì, Abdulsalami àti Shitta, ni Ẹ́míà ti ń jáde. Àwọn Balógun mẹ́rin sì wà lára àwọn tí ń yàn án: Àjíkòbí àti Àlánàmú ti Yorùbá, Gàmbàrí ti Hausa, àti Balógun Fúlàní. Ohùn àdúgbò kan ṣoṣo kò tó.

Òfin ìbò pàápàá gba ọ̀nà yìí. Yàtọ̀ sí ìbò tí ó pọ̀ jù, olùborí gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni ti Kwara. Mọ́kànlá ni ó di dandan. Gúúsù ní méje, Àríwá ní márùn-ún, Àárín Gbùngbùn ní mẹ́rin. Kò sí ẹkùn tí ó lè dá gómìnà jẹ.

Ewu tí àṣà kò mọ̀ ni ti ẹni tí ń lọ tí ó ṣì wà láàyè. Ní 2011, Bukola Saraki ti Abdulfatah Ahmed, tí ó ti ṣe kọmíṣọ́nà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, Olusola Saraki, ti Gbemisola ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ mìíràn. Ọmọ borí bàbá. Nígbà tí àga tún ṣófo ní 2019, àwọn olùdìbò ké "Ó tó gẹ́", wọ́n sì gbé ìjọba fún ẹgbẹ́ alátakò. Ìdìbò méjèèjì fi hàn pé ẹni tí ń lọ lè nawọ́ sí ènìyàn, ṣùgbọ́n ìlú ni ó ń fi jẹ.

Olùdìbò ni afọbajẹ òde òní. Àwọn afọbajẹ àtijọ́ kan gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọmọ oyè. Àṣà kò fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n ojú afọbajẹ tí ó ta ohùn rẹ̀ ni ọba yóò ti máa ṣe bí ó ti wù ú, kò sì ní rí ẹnu bá a wí. Kí ẹni tí yóò gba ìrẹsì tàbí owó ní 2027 rántí pé ọdún mẹ́rin ni yóò fi dákẹ́.