Ọjọ́ Zamalek Ni A Gba Ife 1976, Kì í Ṣe Ọjọ́ Tonnerre

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé yín kí n fi dá àwọn ọmọ kan lóhùn, àwọn tí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ni pé nínú gbogbo bọ́ọ̀lù tí Shooting Stars ti gbá nílé tí wọ́n sì borí, èwo ló le jù? Ọ̀kan nínú wọn ní ti 1992 ni, nígbà tí wọ́n na Villa ti Uganda ní 3–0 n'Íbàdàn lẹ́yìn òdo sí òdo ní Kampala, tí wọ́n fi gba ife CAF. Èkejì ní rárá o, ti 1976 ni, 4–1 tí wọ́n fi na Tonnerre ti Kamẹrúùnù. Èmi ní ọ̀dún yẹn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Tonnerre, ti Zamalek ni. Ni èyí tí wọ́n ń gé irun fún bá yíjú sí mi: "Bàbá, ṣé ẹ̀yin fúnra yín rí góòlù ọ̀hún?" Mo ní n kò rí i. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọn kò sì jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀ mọ́.

Òótọ́ ni, n kò rí góòlù kankan. Ìta ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ni mí nígbà náà. Agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà ni mo ti ń lọ sí ìsọ̀ ọ̀gá mi ní Bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀gá mi yìí, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, kò mutí, kò fa sìgá. Shooting nìkan ni ìwàkiwà tó ní. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, kò ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì, àwa ọmọ iṣẹ́ la sì máa ń jìyà rẹ̀. Ṣòkòtò tí kò ní àbùkù, yóò ní ká tú u ká tún un rán.

Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún ẹ̀rín fún wa. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni ìjọba ológun kéde pé àwọn pín Western State sí mẹ́ta, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òndó. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed l'Ékòó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti jọ ń gbé Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù, oníkálukú ń lọ sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀. IICC tó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa nígbà náà, iléeṣẹ́ ìjọba Western State ni. Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Abẹ́òkúta. Àwọn oníbàárà wa máa ń dápàárá pé tó bá yá, wọn yóò ní kí Ògùn wá mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí Òndó mú tòsì. Àpárá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú ẹ̀.

Inú ọdún yìí náà ni a dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje àwọn tó gba ife nílùú wọn káàkiri Áfíríkà, wọ́n sì fi Zamalek kò wá lọ́nà. Ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1911 ni o! Wọ́n na wá ní 2–0 ní Káírò. Nígbà tí ìròyìn dé, ọ̀gá mi búra níwájú gbogbo wa pé òun kò dé pápá Liberty mọ́, pé owó tíkẹ́ẹ̀tì òun, òwú lòun yóò fi rà. A ní kò burú. Nígbà tó di ọjọ́ tí Zamalek wá, ọ̀sán kò tíì pọ́n tán tó fi ní ká ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n gun ẹ̀yìn Vespa òun.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ bí ìṣirò náà ṣe rí. A ní láti gbá méjì wọlé ká tó lè bá wọn dọ́gba, dídọ́gba ọ̀hún kò sì tíì mú wa débì kan. Bí àwọn bá fi lè rí ẹyọ kan péré gbá sí wa, ẹ̀mẹta la ó máa wá, kò sì tíì ju ọ̀mì lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń wá góòlù kò lè dúró sílé. Ó ní láti kó ènìyàn lọ síwájú, kó fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún ará Íjíbítì tó ń dúró de irú àyè bẹ́ẹ̀. Àní kí ènìyàn máa lé ẹran kó sì máa ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná.

Nígbà tí a dé pápá Liberty, èyí tí wọ́n ṣí ní 1960 tí wọ́n wá sọ ní pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010, ọ̀gá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ẹyọ kan. Ó ní kí èmi máa ṣọ́ Vespa. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn lọ́dún náà lọ́hùn-ún? Mo jókòó ti ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá kan tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà.

Ẹni tó bá wà níta pápá yóò kọ́ èdè ariwo. Ariwo bọ́ọ̀lù tó ṣì góòlù máa ń gòkè, a sì já lójijì bí okùn. Ti góòlù kì í já. Ọ̀pọ̀ èyí tó já ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, títí ọkàn mi fi fẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀kan kò já, mo yọ ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ lápò, mo fa ìlà kan sára Vespa. Nígbà tí èkejì dún, ìyá elẹ́pà gbá mi mọ́ra, ẹ̀pà rẹ̀ dànù, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Mo fa ìlà kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù nìkan ló kù.

Bọ́ọ̀lù parí sí 2–0, ó di pẹ̀náríti. Ẹ wò ó, ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀ fún pẹ̀náríti níta pápá. Bí tiwa bá wọlé, ariwo; bí tiwọn bá wọlé, kẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n bí tiwọn bá ṣì, ariwo náà ni. Bí tiwa bá ṣì, kẹ́kẹ́ náà ni. Tó o bá ti gbàgbé ẹni tó kàn, ó parí. Ìyá elẹ́pà ní àwọn ló kàn, mo ní àwa ni, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Orí rẹ̀ la wà tí ariwo kan fi ta tí kò já, tí kò já, tí àwọn ọlọ́pàá ẹnu géètì pàápàá ju fìlà sókè. Ìgbà náà la mọ̀ pé Shooting ti yege.

Ọ̀gá mi jáde. Kò sí fìlà lórí rẹ̀, bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó dì mọ́ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, wọ́n ń sunkún. Mo ké, "Ọ̀gá! Ọ̀gá!" Ó gba iwájú mi kọjá lọ pẹ̀lú èrò bí ẹni pé kò rí mi rí. Kọ́kọ́rọ́ Vespa sì wà lápò rẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ nìyẹn, láti Òkè-Àdó, mo gba Mọ́lété, mo gba Ìdí-Àrẹrẹ. Nígbà tí mo dé Ọjà'ba, àwọn ìyá ti tan àtùpà. Ìyá ẹlẹ́kọ kan ní, "Ọmọ mi, mélòó la nà wọ́n?" Mo ní méjì. Ó ní, "Méjì péré ni gbogbo ìlú fi ń ya wèrè báyìí?" Kò mọ̀ pé méjì náà wọ́n ju mẹ́wàá lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó ló fẹ́ pa mí. Àwọn géńdé kan tí wọ́n ń kọrin lọ ló bá mi tì í gòkè.

Èmi kò sọ pé Tonnerre kì í ṣe ọkùnrin. Àwọn ló gba ife náà ní 1975, Roger Milla wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì padà nà wá ní 1–0 ní Yaoundé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a lọ sí Yaoundé, góòlù mẹ́ta la fi ṣíwájú. Nígbà tí Zamalek wọ Ìbàdàn, gbèsè méjì ló wà lọ́rùn wa. Ẹni tó bá ta ọjà lérè àti ẹni tó yọ ara rẹ̀ nínú gbèsè, èwo ló ṣiṣẹ́ jù? Ẹ tún wo ohun tí Zamalek ṣe fún wa lẹ́yìn náà. Ní 1984, ní àṣekágbá ife àwọn akọni, wọ́n nà wá ní Káírò, wọ́n tún nà wá nílé. Ní 1996, a nà wọ́n ní 2–1 nílé, wọ́n san án ní 2–1 ní Káírò, wọ́n sì fi pẹ̀náríti gba ife lọ. Títí dòní olónìí, Shooting kò tíì gba ife yẹn. Àwọn tí a fẹ́yìn wọn gbálẹ̀ ní 1976 nìyẹn, tí a fi di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà. Ẹni tí mo bá tún rí tó ń pa ọjọ́ Zamalek rẹ́ nínú ìtàn nítorí pé pẹ̀náríti ni, ì báà jẹ́ ní Adámásingbà tí wọ́n ti ń gbá báyìí, mo máa bá a wí ni.

Ọ̀gá mi dé ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti há. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni ibi tí mo gbé Vespa òun sí. Mo mú un dé ẹ̀yìnkùlé. Ó rí ìlà ṣọ́ọ̀kì méjì lára rẹ̀, ó ní kí lèyí. Mo ní góòlù wa ni, sà. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀, ó wá jókòó, ó ní kí n jókòó náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé n kò dé pápá rárá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Bẹyẹrúnkà,
Ìbàdàn.