Ìdí Tí Shenzhen Fi Ń Ṣe Fóònù Tó Bá Wa Lára Mu

Bó bá jẹ́ Tecno, Infinix tàbí itel ló wà lọ́wọ́ yín, ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Transsion ni orúkọ rẹ̀, ìlú Shenzhen ní Ṣáínà sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Kí ló dé tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti tètè mọ irú fóònù tí a nílò, tí kì í ṣe Yúróòpù tí Nokia ti wá?

Ọdún 1980 ni ìjọba Ṣáínà sọ Shenzhen di agbègbè ọrọ̀-ajé àkànṣe. Iṣẹ́ títo ẹ̀rọ pọ̀ fún àwọn ará ìlú òkèèrè ló kọ́kọ́ gbilẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ká to nǹkan pọ̀, ọ̀tọ̀ ni ká pinnu bí yóò ṣe rí. Àwọn tó yí ọ̀rọ̀ padà ni àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ya àwòrán fóònù, tí wọ́n ń ṣètò bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é. Nígbà tí MediaTek, ilé-iṣẹ́ Taiwan, bẹ̀rẹ̀ sí í ta chip tí ètò inú rẹ̀ ti pé, iṣẹ́ wọn rọrùn sí i, wọ́n sì pọ̀ bí eṣú.

Wọn kò jìnnà síra wọn, wọn kò sì jìnnà sí ọjà Huaqiangbei tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Bí ìdérí bátìrì kò bá wọlé dáadáa, ayàwòrán á gba ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ike ṣe é lọ lọ́jọ́ náà. Òṣìṣẹ́ tó bá kúrò níbì kan á gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ sí ìkejì. Bọ́ọ̀dù kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń rà, nítorí náà owó yíya àwòrán kò wúwo lọ́rùn ẹnì kan. Wọ́n lè dán tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tàbí àyè síìmù mẹ́ta wò níwọ̀nba. Bí kò bá tà, àdánù náà kò pọ̀. Ní tiwa, ibẹ̀ gan-an ni agbára wọn wà.

Inú èyí ni Transsion ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí ó sì kọjú sí Áfíríkà: síìmù méjì fún ẹni tó ń sá fún owó ìpè sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, bátìrì tó ń pẹ́ fún ibi tí iná kì í dúró, kámẹ́rà tí wọ́n ṣe kí àwọ̀ dúdú lè hàn kedere.

Ìsúnmọ́ra yìí náà ló mú kí àdàkọ pọ̀. Fóònù ayédèrú tó jọ ti olórúkọ ńlá kún ìgboro nígbà kan, torí iye owó nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń bá ara wọn jà.

Àwọn atúnfóònùṣe tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà náà súnmọ́ra. Wọ́n ń jí bọ́ọ̀dù tó ti kú dìde, ìmọ̀ sì ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Ayàwòrán tó máa ṣe tuntun ni kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí wọ́n bá rí i pé ojú ibi tí a ń ki ṣájà bọ̀ lára irú fóònù kan ń tètè bàjẹ́, ẹni tó lè tún àwòrán rẹ̀ yà wà ní Shenzhen. Wọ́n á kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ẹ̀yin lẹ ó sì máa sanwó rẹ̀.