Títọ́jú Alùpùpù Àtijọ́ Nílé

Ní orílẹ̀-èdè Ireland, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ti pé ọdún 4 gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní NCT. Òfin yìí kò kan alùpùpù. Nítorí náà, ẹni tó ní alùpùpù àtijọ́ ní Hartstown, ní ìlú Dublin, ló máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Honda ST1100, alùpùpù ìrìn-àjò tó jáde ní ọdún 1990, ṣe àpẹẹrẹ. Kò ní ṣéènì tí a óò máa fi ọ́ìlì pa. Ọ̀pá irin ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bíréèkì rẹ̀ kò ṣeé fojú fò. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀, kódà bí alùpùpù náà bá wà nílé. Tí bíréèkì bá gbóná gan-an, omi yìí á hó, á di afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún mọ́ra, ọ́ìlì kò ṣeé fún. Bí a bá wá fa bíréèkì, yóò kàn rọ̀ ni, alùpùpù kò sì ní dúró.

Ìdí nìyí tí a fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì náà ní ọdún méjì-méjì. Kí ẹ tó jáde, ẹ fa bíréèkì wò: tó bá le, ẹ máa lọ, tó bá rọ̀, ẹ dúró sílé.