Ọyẹ́, Fèrèsé àti Èémí Àwọn Ọmọ Wa

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Goro, a kì í pẹ́ ti fèrèsé pa, nílé àti ní kíláàsì. Eruku dúró síta. Èémí àádọ́ta ọmọ sì há mọ́ inú, ojú kò rí i.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó ń kà á. Gáàsì tí a ń mí síta, tí àwọn Faransé ń pè ní gaz carbonique, ni ó ń wọ̀n. Ní ìta gbangba, iye rẹ̀ tó 420 nínú mílíọ̀nù kan. Láti 1858 ni Max von Pettenkofer, ní Munich, ti ní kí ti inú yàrá má kọjá 1,000.

Fún wa ní Borgou, ọ̀rọ̀ yìí ju òògbé lọ. Ní 1963, dókítà Faransé nì, Léon Lapeyssonnie, ṣàpèjúwe ìgbànú ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí àrùn yírunyírun, méningite, ti máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àríwá Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀. Itọ́ àti ikọ́ ẹni tí ó súnmọ́ ni ni ó ń bá rìn. Ẹ̀rọ náà kò rí kòkòrò àrùn. Bí èémí ẹlòmíràn tí a tún ń mí sínú ti pọ̀ tó ni ó ń fi hàn.

Lójú tiwa, ẹ̀rọ kan tó fún odidi ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé, níbi tí orí ọmọ tí ó jókòó dé. Ẹ ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ti òdìkejì, kí atẹ́gùn lè la yàrá kọjá, ẹ ó rí bí yóò ti yára wálẹ̀. Bí eruku bá pọ̀ jù, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ nígbà ìsinmi, kí ẹ sì wo nọ́ńbà kí àwọn ọmọ tó wọlé.