Ìwé nóòtù tó mọ gbogbo sinimá tí bàbá wò

Alẹ́ Sátidé ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Oúnjẹ alẹ́ ti tán, ọmọ tó mọ fóònù í tẹ̀ ti so ó mọ́ tẹlifíṣàn, sinimá àgbéléwò sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá jókòó, ìyá jókòó, àwọn ọmọ-ọmọ nà gbalaja sórí ẹní. Nígbà tó bá fi máa tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyá á ní, "Ẹ dúró ná, ṣé a ò ti wo eléyìí rí?" Bàbá á ní irọ́ ni, pé ṣebí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé tuntun ni. Àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìyàálé bá wá gbé májèlé sínú ọbẹ̀ orogún rẹ̀, tí ọmọ bíbí inú òun fúnra rẹ̀ sì lọ jẹ ẹ́, ni gbogbo ilé á tó gbà pé òótọ́ ni ìyá sọ. Dátà ti lọ, alẹ́ náà sì ti lọ.

Ní ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní agbègbè Òkè-Ògùn, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Bàbá náà, ẹni ọdún 77, á kàn na ọwọ́ sábẹ́ àga tìmùtìmù rẹ̀, á fa ìwé nóòtù ẹlẹ́yìn líle kan yọ, á ti awò ojú rẹ̀ sókè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní pẹ́ tí á fi ní, "A ti wò ó. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ni. Orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ nígbà yẹn." Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Wọ́n á pa á, wọ́n á wá òmíràn.

Ìwé náà ti di mọ́kànlá báyìí. Ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ nínú wọn kì í ṣe ìwé sinimá tí bàbá wò, ìwé ọjà ni. Ní 1994, nígbà tí owó oṣù olùkọ́ kò tó gbọ́ bùkátà mọ́, bàbá yìí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama, ya yàrá kan sọ́tọ̀ níwájú ilé rẹ̀. Ó kan pákó mọ́ ògiri, ó sì to kásẹ́ẹ̀tì fídíò sórí rẹ̀. Ìdúmọ̀tà l'Ékòó ló ti ń rà wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ yá ọ̀kan á san owó, á gbé e lọ sílé, á sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá pẹ́ jù á san owó ìtanràn. Ìwé tí wọ́n fa ìlà sí ni wọ́n fi ń mójú tó irú òwò bẹ́ẹ̀: orúkọ ẹni tó yá a, orúkọ sinimá, ọjọ́ tó gbé e lọ, ọjọ́ tó dá a padà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà kì í mọ orúkọ sinimá. Alákàrà á dé, á ní òun fẹ́ èyí tí ọkọ ti di ejò lóru. Awakọ̀ á ní èyí tí àbúrò ti ta ilẹ̀ bàbá wọn lòun ń wá. Ẹlòmíràn kò mọ̀ ju pé òṣèré kan báyìí wà nínú rẹ̀, tó sì sunkún púpọ̀. Bàbá bá fa ìlà mìíràn sínú ìwé náà, ó kọ "Ohun tó dá lé" sókè rẹ̀, ó sì ń fi gbólóhùn kan péré sọ ìtàn sinimá kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó lè kọ ọ́, dandan ni kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ wò ó. Bó ṣe di ẹni tó ń wo sinimá mẹ́ta, mẹ́rin lọ́sẹ̀ nìyẹn, tí kò sì jẹ́ kí ọ̀kan kọjá láìkọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ti dàgbà á rántí pé kò sẹ́ni tó nílò irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí Àjàní Ògún, sinimá ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe, jáde ní 1976, tí Adéyẹmí Afọláyan, ìyẹn Ade Love, sì jẹ́ olú òṣèré inú rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń gbé sinimá kiri láti ìlú dé ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hubert Ògúndé ṣe pẹ̀lú Aiyé, tó jáde ní 1979. Ẹni tó bá wo ọ̀kan lọ́dún á máa ròyìn rẹ̀ títí tí òmíràn á fi dé. Ta ni yóò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé òun rí àwọn àjẹ́ inú Aiyé tàbí òun kò rí wọn? Àwọn tó rí wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé kò lè sùn lóru ọjọ́ náà.

Kásẹ́ẹ̀tì ló yí gbogbo rẹ̀ padà, ẹni tó sì kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀ gan-an ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sálà. Ó náwó nára lórí Ọ̀run Móoru, tó jáde ní 1982, ṣùgbọ́n àwọn kan jí i dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á káàkiri kí ẹni tó ni ín tó jèrè iṣẹ́ rẹ̀. Gbèsè tó ti ibẹ̀ wá kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wá le sí i, tí fíìmù gidi di ohun tí apá àwọn ẹgbẹ́ òṣèré kò ká mọ́, kásẹ́ẹ̀tì tó ti pa Baba Sálà lẹ́kún náà ni wọ́n sá lọ bá. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1993, apá mẹ́ta ló ní. Ìwé bàbá fi hàn pé oníbàárà tó kọ́kọ́ yá apá kejì kí ó tó rí apá kìn-ín-ní kò kéré. Wọn kò bínú. Wọ́n á ní àwọn á mọ ohun tó ṣáájú tó bá yá.

Ṣọ́ọ̀bù náà kógbá wọlé ní 2006. Sídíì ti dé, wọ́n ń tà á lẹ́bàá títì, iye tí wọ́n ń ta àdàkọ rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju owó tí bàbá ń gbà lórí kásẹ́ẹ̀tì lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni dẹkódà dé, tí Africa Magic Yorùbá sì bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni fóònù. Gbogbo àwọn oníbàárà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé lọ, ṣùgbọ́n bàbá kò dá ìwé kíkọ dúró. Ó kàn pa ìlà orúkọ ẹni tó yá sinimá rẹ́, ó sì fi "Ta la jọ wò ó?" rọ́pò rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, àwọn tó ń ta sinimá gan-an dá kún ìgbàgbé àwọn tó ń wò ó. Sinimá tó ti jáde lórí sídíì lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn, wọ́n á fún un lórúkọ tuntun lórí YouTube, wọ́n á fi àwòrán òṣèré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lókìkí bo iwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà méjì péré ni onítọ̀hún yọjú nínú rẹ̀. Apá kejì lè máa jẹ́ orúkọ tí kò jọ ti apá kìn-ín-ní rárá. Òṣèré kan náà á tún ṣe ìyá ọkọ tó burú nínú sinimá márùn-ún láàárín oṣù méjì, bóyá ilé kan náà ni wọ́n sì ti ya mẹ́ta nínú wọn. Ìdí nìyí tí bàbá kò fi gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ sinimá. Ó ní orúkọ ẹni tó kọ ìtàn àti ẹni tó darí eré lòun kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹni tó bá ń sáré pa tẹlifíṣàn nígbà tí orúkọ bá ń yí gòkè níparí kò lè mọ ìyẹn.

Kì í ṣe Òkè-Ògùn nìkan ni irú ìwé yìí ti wúlò. Ní ilé ìjọba Amẹ́ríkà, White House, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Paul Fischer ló ń fi sinimá han àwọn ààrẹ láti 1953 títí di 1986. Ọ̀gbẹ́ni náà ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ààrẹ méje ló sì ṣiṣẹ́ fún. Ìwé rẹ̀ ni àwọn èèyàn fi mọ̀ pé sinimá tí Jimmy Carter kọ́kọ́ wò níbẹ̀ ní 1977 ni èyí tó dá lórí àwọn oníròyìn méjì tó tú àṣírí ìjọba Nixon. Carter kò lè sọ pé òun kò wò ó, nítorí ó wà nínú ìwé.

Àǹfààní tí ìwé Òkè-Ògùn náà ti ṣe kọjá pé ó ń fi dátà pa mọ́. Ní 2019, obìnrin kan wá láti Ìbàdàn. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tí òun ṣì kéré, ó sì gbọ́ pé bàbá náà máa ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ààfin àti aṣọ́nà nínú sinimá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n tú àwọn ìwé àtijọ́ jọ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Orúkọ orí ìtàgé bàbá rẹ̀ fara hàn lẹ́ẹ̀mẹrin. Méjì kò sí níbì kankan mọ́. Ìkẹta wà lórí kásẹ́ẹ̀tì tí èbíbu ti bá jẹ́. Ìkẹrin ni wọ́n rí lórí fóònù, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Bàbá rẹ̀ gbé ọ̀kọ̀ dání lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó ní, "Kábíyèsí ń sùn," ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó jẹun.

Sinimá tó ti sọnù kì í sábà rí ẹni wá a rí bẹ́ẹ̀. Ti Shaihu Umar, tí Adamu Halilu fi èdè Hausa ṣe ní 1976, yàtọ̀: inú ilé ìpamọ́ sinimá ìjọba ní Jos ni wọ́n ti tún un rí, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì ní 2018. Ti ìjọba nìyẹn, orí fíìmù gidi ló sì wà. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó wà ní àjà ilé àwọn èèyàn kò ní ilé ìpamọ́ kankan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí bàbá kò kọ sínú ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ṣí ìwé náà láti wá sinimá kan tí ọmọ wọn béèrè, ó sì rí i pé sinimá kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, bàbá kọ ọ́ pé àkọ́wò ni. Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ó sọ ìtàn rẹ̀ ní gbólóhùn kan bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ìyá fọwọ́ pa ìwé náà dé. Ọjọ́ méjì ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló pe àkọ́bí wọn lórí fóònù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wọ́n nílé ìwòsàn ni pé, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fún un ni pé ó ti ṣe díẹ̀. Ìyá gbé ìwé náà kalẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n jọ ń ṣí i sẹ́yìn, ewé kan tẹ̀lé òmíràn, títí wọ́n fi dé oṣù kẹjọ, níbi tí àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. Kò sí òmíràn ṣáájú rẹ̀. Dókítà wá béèrè ohun tó yí padà ní oṣù kẹjọ, ìgbà náà ni ìyá rántí oògùn tí bàbá ń rà ní kẹ́míìsì láti fi sùn. Àwọn oògùn kan wà lára irú èyí, títí kan ti ọ̀fìnkìn tó máa ń kun ni lóorun, tó máa ń da ọpọlọ àgbàlagbà rú. Ẹ̀jẹ̀ bàbá náà sì ga. Wọ́n ní kí ó jáwọ́ nínú oògùn oorun náà, wọ́n fún un ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ti ogbó, kí wọ́n má kàn máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé.

Ara bàbá ti yá díẹ̀. Kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ tán. Orúkọ àwọn òṣèré àtijọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀ ketekete, èyí tó wò lánàá ló máa ń sá fún un nígbà mìíràn. Ìyá ló ń di bírò mú báyìí. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, ọwọ́ rẹ̀ kò gún tó ti olùkọ́, bàbá kò sì yé tọ́ka sí ibi tí kò fi àmì ohùn sí. Òun ló ń pè é, ìyá ló ń kọ ọ́, bí ó bá sì sọ pé àkọ́wò ni sinimá kan, ìyá á kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn wò kó tó fèsì.

Saworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ni wọ́n wò ní ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí. Bàbá ní àkọ́wò ni. Ìyá ṣí ìwé, ó rí i pé ìgbà kẹsàn-án nìyẹn. Kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wò ó parí, bàbá rẹ́rìn-ín, ó bínú sí Lápité, ó sì pàtẹ́wọ́. Ní ìlà "Ohun tó dá lé", ìyá kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ wẹ́rẹwẹ̀rẹ pé: "A ti wò ó rí. Ó tún dùn."